Oríkì Yọ-ọ́-kó-tó-dà, Akọni Ilé Port Harcourt

Yọ-ọ́-kó-tó-dà, ọmọ Fọkànbalẹ̀-mo-mọ̀-ọ́n-ṣe,
baba Àìròtẹ́lẹ̀, baba Òjijì,
baba ọmọ tí a ò ránṣẹ́ pè tó fi yọjú!
Ìwọ adáhunṣe tí kì í ra oògùn,
tí kì í gún abẹ́rẹ́, tí kì í gba káàdì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.
Ọ̀fẹ́ ni ọ́,
ọ̀fẹ́ tó ń bí owó iléèwé.

Ìran ńlá ló bí ọ, n ò ní purọ́ mọ́ ọ.
Ónánì inú Jẹ́nẹ́sísì orí 38 ni babańlá rẹ,
ó da tirẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìtàn rẹ̀ parí sí.
Àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì mọ̀ ọ́, azl ni Lárúbáwá ń pè ọ́.
Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ọkọ gbàṣẹ lẹ́nu ìyàwó kó tó lò ọ́.
Ta ló rántí gbàṣẹ? NEPA ti múná lọ.

Mo kí ọ ní Port Harcourt, ìlú epo rọ̀bì.
Ẹnjiníà ti lo ọ̀sẹ̀ 2 lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo,
ó délé ní Rumuola, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀.
Ìyàwó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ọmọ yìí ò tíì já lẹ́nu ọmú o."
Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, èmi náà kọ́? Mo mọ ìgbà tí mo máa yọ ọ́."
Òótọ́ ni! Níbi iṣẹ́, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ti fáàfù;
bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, ọ̀gá á pariwo.
Nílé, adùn ni ọ̀gá, adùn kì í pariwo "tì í".
Ká tilẹ̀ ní ó tì í lákòókò, páìpù ti ń jò tẹ́lẹ̀:
omi díẹ̀ tó máa ń ṣáájú àtọ̀,
lára ọkùnrin mìíràn, àtọ̀ ti bá a rìn.
Kò rí i. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ti ń hanrun.

Ìyá Fẹ́mi ò sùn ní tiẹ̀.
Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣọ́ ojú ọkọ,
bóyá ó ti tó, bóyá kò tíì tó. Ibo ladùn tiẹ̀ ti fẹ́ wá?
Ilẹ̀ mọ́, ó di kẹ́mísì ní Mile 3,
ó ń wá Postinor, oògùn adènà-oyún, kí ọjọ́ 3 tó pé.
Yọ-ọ́-kó-tó-dà aláìnáwó, àpò ta lowó yẹn ti jáde?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ:
nínú obìnrin 100 tí ọkọ wọn ń lò ọ́ láìṣì í rárá,
bí 4 ló ń lóyún lọ́dún kan.
Ọkọ tí kì í ṣì í dà? Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ọkọ tiwa:
20 nínú 100!
Ẹ pàtẹ́wọ́ fún akọni!
(Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ó sàn ju kéèyàn má ṣe nǹkan kan lọ. Ìyìn rẹ̀ náà nìyẹn, ó tán.)

Olóore àlejò, o ò dí àrùn lọ́nà rí.
Ìwádìí ọdún 2018 bá HIV lára nǹkan bí 3.8 nínú 100 àgbàlagbà ní Rivers.
O kí i, o yà fún un, ó kọjá.
Àtọ̀sí náà kọjá, kò tilẹ̀ dúró kí ọ.

Ẹ̀yin tọkọtaya Diobu, Borokiri, Rumuokoro,
ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 sí 5,
obìnrin tó ń lóyún lórí rẹ̀ kò pé 1 nínú 100.
Rọ́bà ló ń dí HIV lọ́nà.
Ẹ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì, ní Alakahia.
Bàbá Fẹ́mi, má rán ìyàwó nìkan; ẹ jọ lọ.