Ìjàpá àti Okùn Màlúù

Ààlọ́ o! Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ìjàpá rí i lórí fóònù pé ní Texas, èèyàn a máa gun akọ màlúù tó ń fò, ọwọ́ kan ni yóò fi dì í mú. Bó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 8 láìjábọ́, owó dé. Ọ̀kánjúwà gbé e. Ó kéde fún gbogbo ẹranko Àkókó, láti Ìkàrẹ́ dé orí òkè Ọ̀kà: eré ńlá di ọjọ́ ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ Yánníbo.

Ará Òkè Ọya ni Màlúù. Ọkọ̀ àjàgbé ló gbé e gba Òkèné dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ìjàpá so okùn mọ́ ọn níkùn, níbi tó rọ̀ níwájú itan ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọgbà fún Màlúù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á le. Màlúù fò, ó tàpá, ó yí bírí, itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀. Ìjàpá mú orin sẹ́nu:

Màlúù fò sókè —
Ijó ló ń jó!
Okùn wọ̀ ọ́ lára —
Ijó ló ń jó!
Ó ké, ó ké títí —
Ijó ló ń jó!

Ìgalà Ọ̀kà nìkan ni kò gbè é. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ijó ni, ẹ tú okùn ká wò ó." Ìjàpá ní Ọ̀bọ, dókítà ẹranko, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀bọ mirí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

Ìgalà gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Adájọ́ Erin. Erin ṣí Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà, abala 495: ẹni tó bá dá ẹranko lóró, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn náírà 50. Àádọ́ta náírà o! Ìjàpá fa náírà 100 yọ. Erin ní kò sí ṣéńjì.

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá. Ẹ fi ìyókù san tọjọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ ọjà náà, okùn já, ó wé mọ́ Ìjàpá lẹ́sẹ̀. Màlúù dorí kọ òkè Ọ̀kà, Ìjàpá ń fò lẹ́yìn rẹ̀, gbà! gbà! lórí àpáta. Ó ké, "Ẹ gbà mí o!" Àwọn ẹranko tó ti mọ orin náà sórí dá a lóhùn: "Ijó ló ń jó!"

Ìgalà nìkan ló sáré tẹ̀ lé wọn láti tú okùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ààlọ́ mi, náírà 50 yẹn kì í ṣe ààlọ́ o. Ẹ bá mi bi aṣòfin yín pé èló ni wọ́n ń ta okùn lọ́jà Ìkàrẹ́.