Jíìpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Méjì Rìn

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé mi ò kàwé kí n tó ra ọkọ̀. Mo kàwé. Ìwé tí mo kà gan-an ló kó bá mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, olùkọ́ ni mí, Òkè Ọya sì ni mo ti ń jẹun: Maiduguri, lójú ọ̀nà Bama. Ojú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ kò burú, ọ̀dà wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá yà kúrò lórí ọ̀dà ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ní Dalori, tí kò ju bíi kìlómítà 12 lọ sí ìgboro, yanrìn ló ni ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé lọ́nà ibẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí i, etí títì ni màá gbé ọkọ̀ mi sí, màá sì máa wọ́ ẹsẹ̀ nínú yanrìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó sú mi. Mo ní jíìpù kékeré tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni màá rà, tòkunbọ̀ sì ni, torí agbára mi ò ká tuntun.

Mo wá jókòó ti ìwádìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo RAV4 ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Toyota gbé e jáde ní 1994, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, iwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ "4" sì wà gàdàgbà nínú orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé Honda CR-V àkọ́kọ́, táyà iwájú ló fi ń rìn títí tí ìyẹn yóò fi yọ̀, kí ti ẹ̀yìn tó dá sí i. Òróró ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń rọ sínú àpótí gíá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá rọ òmíràn sí i, yóò máa kérora ní gbogbo kọ́nà. Freelander tí Land Rover gbé jáde ní 1997, mo mọ̀ pé èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 lára wọn lókìkí fún tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jó. Mo tún mọ̀ pé bó bá ti dàgbà, àwọn mìíràn a máa yọ pùròpẹ́là rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú lọ sẹ́yìn. Mo rò pé òun nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Suzuki Vitara àtijọ́ kan wà tí mo rí ní ìgboro. Férémù gidi wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá gíá kékeré kejì sì wà nínú rẹ̀ fún yanrìn àti ẹrẹ̀. Ìyàwó mi wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Bàbá Àyọ̀, ṣé èyí la ó máa gbé lọ sóde?" Mo fi Vitara sílẹ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ìyàwó mi, èmi náà ti ń ro òde yẹn kó tó sọ ọ́.

Èyí tí mo wá rà, orúkọ rẹ̀ kò kan ẹjọ́ yìí, n ò ní dá a. Ọmọ Japan ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. "4WD" wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka nọ́ńbà ṣáńsì rẹ̀, ó pé 17, J ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú sí ẹni tó ń ta ọkọ̀, mo ń ṣàlàyé fún un pé J ni àmì pé Japan gan-an ni wọ́n ti tò ó. Ọkùnrin yẹn gbọ́ mi jálẹ̀, ó mi orí, ó sì pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò tún un ṣe. Ìgbà tó wá dárúkọ owó, ojú ń ti ọ̀jọ̀gbọ́n láti ná an.

Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tútù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣí, torí bó bá ti gbóná, èéfín àti ariwo tó yẹ kó tú àṣírí lè ti wábi gbà. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń jóni. Mo fura pé wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ dè mí. Mo fọwọ́ kan ọkọ̀ kejì, tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, òun náà ń jóni. Oṣù April ni, ọ̀sán gangan, nígbà tí ooru Maiduguri máa ń lé ní 40. Dípò kí n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbà pé ara gbogbo wọn ló dá.

Ohun tó kù ni kí n dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Òde ìgbéyàwó ni mo ti ń bọ̀, gínnì funfun báláú ló wà lọ́rùn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo wo ojú irin tó sún mọ́ mi, mo ní ó dára. Mo wa ọkọ̀ náà díẹ̀ lórí ọ̀dà, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ti ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe. Éésì rẹ̀ tutù rékété. Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, éésì yẹn ló ra ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń sọmọ lórúkọ ni mo kọ́kọ́ yà kúrò lórí títì. Mo kó èrò sínú ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n wo iṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wò ó. Táyà iwájú gbẹ́ ihò méjì, ọkọ̀ sì fi àyà lélẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ iná sí i ni Golf àtijọ́ kan, tó kún fún àpò ọkà dé òrùlé, gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Táyà iwájú nìkan ló ń fa Golf yẹn o.

Bàbá àgbàlagbà kan jáde wá láti ilé tó wà nítòsí. Bàbá náà kò wọ gínnì. Ó dùbúlẹ̀ sínú yanrìn, ó ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ mi, ó sì fi Hausa sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀: "Malam, a baya babu komai." Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Àpótí gíá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, irin ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, pùròpẹ́là tó yẹ kó so wọ́n mọ́ iwájú ni ẹnì kan ti yọ lọ.

Ilẹ̀ ń lọ. Dalori kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ọkọ̀ tó kú ṣeré. Ní 30 January 2016, Boko Haram ya wọ abúlé náà, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé wà nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìdí tí mo fi ń wá ọkọ̀ tí kò ní já mi kulẹ̀, ìdí nìyẹn. Bàbá yìí ní kí n dẹ́kun ariwo ẹ́ńjìnnì. Ó tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ títí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin tì. Ọkọ̀ jáde. Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí mo ń wá kiri, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló dípò rẹ̀.

Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n rọra, kí n sì fẹ́ táyà bí mo bá ti dé títì. Mo dé títì, mo rí i pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mo sáré. Táyà tó dẹ̀, tó ń sáré lórí ọ̀dà gbígbóná, ooru ni yóò pa á. Ti iwájú lápá ọ̀tún bẹ́ nítòsí ibi tí àwọn sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n tó ní kí n gbé e.

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ tó báyìí. Rárá o. Mo ra táyà tòkunbọ̀ méjì síwájú, wọ́n fi díẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n owó wọn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá ránṣẹ́ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Mushin, Èkó, pé kí wọ́n wá pùròpẹ́là fún mi. Láti Ládípọ̀ dé Maiduguri tó 1,500 kìlómítà. Ìgbà tí mo ń dúró de irin yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ tó ṣeé fọkàn tán ní Mushin lè má ṣeé fọkàn tán níbí, bí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ní láti la odò Ọya kọjá kó tó dé.

Mẹkáníìkì mi, ọmọ Ìlọrin, wo pùròpẹ́là, ó wo ilẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé táyà yín bára mu ṣá?" Mo ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí róbótó. Ó dè é. Nígbà tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò bá tóbi bákan náà, iye ìgbà tí wọ́n ń yí kì í dọ́gba. Àpótí tó ń pín agbára yóò máa rò pé ọkọ̀ ń yọ̀, yóò máa di ẹ̀yìn mú lórí ọ̀dà gbígbẹ, yóò sì máa gbóná títí yóò fi jóná. Tèmi jóná. Mẹkáníìkì bá tú pùròpẹ́là kúrò. Ó ní ó jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni ín ṣáájú mi náà nìyẹn.

Mo ti fẹ́ tà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, éésì rẹ̀ ṣì tutù, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, mo sì ti bó "4WD" kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá láàárọ̀ kùtùkùtù kí n tó ṣí i, kó sì wọ aṣọ tí kò níye lórí. Màá tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ dè é.