Oríkì Tú Àṣírí Mi

Nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ya Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀, tí mo ń fojú sọ́nà fún àga ìpele kẹjọ tí ìjọba fi ń gba ọmọ tó jáde yunifásítì, rí i pé wọ́n ti pín mi sí méjì: Ìbàdàn tí wọ́n gbé bí mi wà ní Ọ̀yọ́, Ẹdẹ tí í ṣe ìlú baba mi ti bọ́ sí Ọ̀ṣun.

Ọlọ́gbọ́n ì bá forí lé Ẹdẹ, kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ rẹ̀. Èmi wo Sẹkitéríàtì Agodi, tó ti ń jẹ́ ibùjókòó àṣẹ láti ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, mo ní ta ni yóò fi èyí sílẹ̀ lọ síbi tí wọn kò tíì rí àga jókòó lé? Ẹ̀gbọ́n àdúgbò wa kan, tó máa ń sọ pé kò sẹ́ni tí òun kò mọ̀, gba owó àjọ ìyá mi, ó sì bá mi wá ìwé tó sọ pé ọmọ agboolé kan ní Ọjẹ́ ni baba baba mi. Mo kà á títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, fáìlì tí wọ́n fi okùn dì, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Òṣogbo" sí lára, kún ilẹ̀ yàrá náà débi pé ńṣe ni mo ń gbẹ́sẹ̀ sókè kí n tó dórí àga. Bàbá tó jókòó láàrin, tí awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ dórí imú, kò bi mí léèrè ìwé kankan.

"Ọmọ Ìbàdàn," ni ó wí, "ki ìlú rẹ fún wa."

Mo nàró ṣánṣán. "Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé!" Ìbá tó kí n dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n fi Màpó kún un kó lè dùn, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n tí ìyá baba mi ti fi oríkì tọ́ láràárọ̀, bó ti gbọ́ Màpó, kò dúró gbàṣẹ mọ́: "Màpó Arógun! Ọmọ Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá yọ awò. "Gbọ̀ngàn ló wà ní Màpó tiwọn níbí. Arógun ńkọ́? Ọmọ ta ni ọ́ ní Ẹdẹ?"

Mo gbàgbé pé mo wọ táì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàrin fáìlì.

"Dìde, kí o ya ìwé yẹn kí n tó rí i. Àwa ọmọ Ọ̀ṣun ni wọ́n ń kó lọ sí Òṣogbo yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá irú rẹ. Ìwọ wá lọ fowó ìyá rẹ ra ibi tí o máa sá pamọ́ sí."

Mo dé Ẹdẹ, ìyá akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́ ohùn mi, ó ní ìpè Ìbàdàn tó wà lẹ́nu mi ti pọ̀ jù, bí mo bá dá ara mi lójú, kí n ki Ẹdẹ. Oókan àyà mi ń lù kì-kì, mo lanu, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ síta ni "Mesìọ̀gọ̀!"