Bàbá Bruno

Kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ ládùúgbò. Orúkọ gígùn kan wà nínú ìwé ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, oyè méjì ló sì ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Bruno ni orúkọ tí gbogbo abà ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ní kí Bruno jókòó, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ní kó dìde. Ajá ló ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwa ló ń bá sọ Yorùbá, ìyẹn bó bá rí wa. Bó ṣe di Bàbá Bruno nìyẹn. Ẹnìkan tiẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ nígbà kan pé, "Ìyá Bruno, ẹ káàárọ̀ o." Obìnrin náà kò dáhùn. Láti ọjọ́ náà, "Mọ́mì" lásán ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má rò pé ẹnìkan ṣoṣo ni mo ń bá wí. Bí ẹ bá kọjá Mọ́níyà lọ sí Akínyẹlé, ẹ ó bá a. Bí ẹ bá yà sẹ́yìn Lálúpọn ní Lágelú, ẹ ó bá a. Ó wà ní Ẹgbẹ́dá, ó wà lọ́nà Akanran ní Ọ̀nà-Àrà. Níbikíbi tí oko kókó àti oko ẹ̀gẹ́ bá ti di pulọ́ọ̀tì, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ fẹ́ǹsì, fẹ́ǹsì náà yóò sì ga ju ilé tó wà nínú rẹ̀ lọ. Géètì rẹ̀ dúdú, ọ̀dà wúrà wà létí rẹ̀, orí ajá kan tó yọ eyín wà lára rẹ̀, ìkìlọ̀ sì wà lábẹ́ àwòrán náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ tó ń ru ẹ̀gẹ́ kọjá kò lè ka ìkìlọ̀ yẹn. Kò sì ṣòro fún un, nítorí Bruno fúnra rẹ̀ ti ń kà á sókè láti agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.

Ọjọ́ Ajé ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, Bàbá Bruno ti di ará Èkó tó ń wá sùn ní Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀. Yóò jí ní kùtùkùtù, yóò gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà lọ, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ọkọ̀ tó dé Abẹ́òkúta ó ti sùn lọ. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ti ṣáájú lọ láti ọjọ́ Àìkú. Ta ló kù nílé? Bruno, abọ́ omi kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan tí wọ́n ní kó máa ju oúnjẹ wọlé láti orí fẹ́ǹsì nírọ̀lẹ́. Bó bá rántí.

Bruno yóò wá bẹ̀rẹ̀. Yóò gbó aláǹgbá. Yóò gbó máńgòrò tó já bọ́. Yóò gbó àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́yìn fẹ́ǹsì, àwọn tó ti ń yan gàrí níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún, yóò gbè é. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, èyí ló burú jù, yóò gbó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, yóò na ohùn sókè bí ẹni tó ń sunkún òkú. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ajá kì í ṣe ẹranko tó ń dá gbé; àìrí ẹni ló ń dà á láàmú, ẹni tó bá mọ̀ nípa ajá mọ èyí. Etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ìró tó ga ju ìlọ́po méjì èyí tó ga jù tí etí wa lè gbọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí a kò mọ̀ pé ó dún rárá ni òun ń dá lóhùn láàárín òru.

Títí ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì, Bruno á gbọ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ láti ìkóríta, á sì dákẹ́. Á máa ju ìrù, á máa lá a lẹ́sẹ̀, á sùn síwájú ilẹ̀kùn, ẹ ò ní gbọ́ pín-ìn lẹ́nu rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé yóò fi mọ́. Nítorí náà, bí Bàbá Bruno bá gbé Bíbélì tó fi búra pé ajá òun kì í gbó, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Nínú gbogbo abà, òun nìkan ni kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ fún un. Ìyá ẹlẹ́gàrí tí ilé rẹ̀ kàn án ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àjò o, Bàbá Bruno. Ọmọ yín mà ṣàárò yín o. Ó sunkún títí, a ò mọ ohun tí a ó fi rẹ̀ ẹ́." Inú Bàbá Bruno dùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Ó fẹ́ràn mi gan-an ni." Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà lọ: "Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Sà. Bruno kò sùn láti ọjọ́ Ajé. Àwa náà kò sùn. A jọ ń ṣọ́ ilé yín ni." Bàbá Bruno bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó tún ní kó máa bá òun ṣe é lọ. Ìyàwó kékeré kan tó ń tọ́ ọmọ tuntun lọ́wọ́ ni kò ní sùúrù. Ó là á mọ́lẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ajá yín ń gbó jù." Háà! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ gba àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn kan lórí fóònù, tó dá lórí ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹni tó fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́, kò yé e. Ẹni tó sọ ọ́ kó yé e, ó di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Ó di ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Bàbá Bruno dé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi wá: "Yàtọ̀ sí olè, ta ló yẹ kó máa bínú sí ajá?" Gbogbo ẹni tó ti gbaradì láti sọ̀rọ̀ bá ń wo ilẹ̀. Ó yíjú sí alága, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ kan tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kọjú sí ìlú láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ṣé Bruno ló ń ṣe àìsùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni? Alága wúkọ́. Ó yíjú sí akọ̀wé, ó béèrè àlàáfíà jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ń kọ ìwé lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Bàbá Bruno mọ òfin ariwo ju gbogbo wa lọ. Òun ló ka ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009 lórí ariwo, èyí tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ń mójú tó, sí ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ dé ìkóríta. Ọkùnrin náà kó ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí inú oko. Àwọn obìnrin ń ru ẹ̀gẹ́ wọn lọ bá a níbẹ̀ títí dòní.

Akanran tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìlú Tàfá Adéoyè ni, ọ̀kan nínú olórí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà tó kọ owó orí ní 1968 sí 1969 títí ìjọba ológun fi bá wọn dúnàá dúrà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ lónìí tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ ajá kan bóyá yóò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ ọn o. Ọdọọdún ni Bruno ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí dìgbòlugi mú jọ, àjọ ìlera àgbáyé ní ó lè tó mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó jẹ́ pé ajá ló kó o bá wọn, ajá tó sì pọ̀ jù nínú abà wa kò rí abẹ́rẹ́ rí. Ní ti èyí, Bàbá Bruno ló jàre, ẹ̀kọ́ sì ni fún wa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwé abẹ́rẹ́ náà ló máa ń fà yọ bí wọ́n bá sọ pé ajá rẹ̀ ń gbó.

Nígbà tí ẹjọ́ náà kò tán, ó ra ọmọ ajá kejì. Ó sọ ọ́ ní Wọ́násọtì. Èyí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láti ayé àtijọ́ ni ẹni tó ń bá ará ilé kejì jà ti máa ń fi ọ̀rọ̀ sí ajá lórúkọ, yóò wá máa pe ajá náà nírọ̀lẹ́ tí ojú pé. Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò sì gbọdọ̀ dáhùn, nítorí ẹni tó bá dáhùn ti jẹ́ orúkọ ajá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ní Sàngó Ọ̀tà, wọ́n gbé oníṣòwò kan lọ síwájú adájọ́ nítorí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari. Aládùúgbò rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Buhari ló fi ẹjọ́ sùn. Ọkùnrin náà ní ìfẹ́ tí òun ní sí Buhari tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà ló mú òun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, Ìyá ẹlẹ́gàrí gbọ́ Wọ́násọtì, ó rẹ́rìn-ín. Òbúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́ Àwagbọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé Bàbá Bruno. Olórí ọdẹ ni. Ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó wo Bruno láti orí dé ìrù, ó ní, "Ajá yìí sanra o, Sà. Ọdún Ògún mà ti kù sí dẹ̀dẹ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Bruno lọ bá lọ́yà, ó ní wọ́n ń lérí ikú mọ́ ẹbí òun. Lọ́yà bi í léèrè ta ni nínú ẹbí.

Ìgbà náà ló ra kámẹ́rà tí a ń fi fóònù wò. Láti Èkó ni ó ti ń rí gbogbo àgbàlá rẹ̀. Kámẹ́rà náà kì í gba ohùn. Ó mú àwòrán wá sí ìpàdé, ó ń gbé fóònù ká ojú wa. Bruno dúró sáàárín àgbàlá, ó gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, ó ń là, ó ń pa dé. Bàbá Bruno ní, "Ẹ wò ó fúnra yín. Ó ń yán ni."

Ní òru ọjọ́ Rú kan, àwọn olè fo fẹ́ǹsì rẹ̀ wọlé. Àkàrà ni wọ́n jù fún Wọ́násọtì. Bruno kò gbà tiwọn. Ó gbó, ó gbó títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwa tí a wà lórí ibùsùn gbọ́ ọ, a fa aṣọ borí, a yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ajá Ìyá ẹlẹ́gàrí bá gbó lóru, ọkùnrin mẹ́wàá ni yóò yọ àdá jáde, nítorí ajá náà kì í gbó láìrí nǹkan. Ti Bruno, ó gbó lánàá, ó gbó níjẹta. Wọ́n tú pọ́ǹpù omi, wọ́n tú bátìrì sólà, wọ́n sì mú kámẹ́rà dání bí wọ́n ṣe ń lọ.

Bàbá Bruno kò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Ó dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó ń pariwo: "Irú aládùúgbò wo lẹ̀yin gan-an? Ṣé ẹ ò gbọ́ bí Bruno ṣe ń gbó ni?"

Ìyá ẹlẹ́gàrí kò gbójú sókè nínú agbada gàrí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Bruno. A rò pé ó ń yán ni."