Ìpara Ìyàwó Kì í Dédé Tán

Ẹ bi ọkùnrin léèrè ohun tó fi ń pa ara, ẹ ó gbọ́: "Èmi? Ọkùnrin bíi tèmi?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpara ìyàwó ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, eku kan ò sì sí nínú ilé.

Ẹ wá wò ó níwájú onígbàjámọ̀. Òwú tí wọ́n rì sínú sípíríìtì kàn fara kan àgbọ̀n rẹ̀ ni, ó ti ń ké pe ìyá tó bí i lọ́mọ. Irùngbọ̀n tiwa ń ká kò. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ jù, ó lè tẹ̀ padà wọnú awọ, kó sì di kókó wẹ́wẹ́ sọ́rùn. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ọ̀la ló tún máa fá a, pẹ̀lú abẹ tó ti kú.

Òrí wà lọ́jà, èyí tí bàbá rẹ̀ àgbà fi ń para láìtijú. Ó ní òórùn rẹ̀ ò bá òun lára mu. Òun náà rèé nínú ọkọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, tó ń ta sánsán bí òdòdó.