Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àmọ́ Ẹ Wọ Ọjà Ná

Kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ "ọ̀nà kan ò wọ ọjà" fún ará Àjàṣẹ́-Ìpo. Títì Ìlọrin dé ibẹ̀ ló yà: ọ̀kan gba Ọ̀fà lọ, èkejì forí lé Òmù-Àrán. Ibi yòówù kéèyàn gbà wọlé, yóò bá ọjà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti gbà pé ẹni tó ń wá ọ̀nà fẹ́ ná ọjà ni. Wọn ò tíì rí àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìjábọ̀ fún oníṣòwò.

Ọ̀nà nìkan làwọn yẹn ń kó jọ. Ẹ wo irinṣẹ́ ìjábọ̀ wọn: Crystal Reports ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n kọ́ ọ. Microsoft gbé Reporting Services jáde ní 2004. Wọ́n kọ́ ọ. Power BI dé ní 2015. Wọ́n sáré kọ́ ìyẹn náà. Ìmọ̀ràn bí iṣẹ́ ṣe ń yá wá kù: bọ́tìnnì àbùjá lóríṣiríṣi, ojú kọ̀ǹpútà méjì lórí tábìlì kan. Mo mọ ẹnì kan tó fi odindi àárọ̀ ṣa àwọ̀ búlúù.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá oníṣu kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo bẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni màmá fẹ́ mọ̀: ta ló jẹ òun lówó? Ọmọ kó gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá wọnú Power BI, títí dé nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé iṣu. Nígbà tí ẹ̀rọ ń wọ́ nílẹ̀, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kò dáa. Ó ṣírò iye tí wọ́n tà lójú ewé kìíní, ó tún un ṣírò lójú ewé kẹta, wọn ò bára mu: ọ̀kan ka iṣu tó jẹrà mọ́ ọn, èkejì ò kà á. Wọ́n bi í, ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Irọ́ ni. Ọ̀nà méjì lè wọ ọjà kan. Nọ́ńbà méjì tí ò bára mu, ọjà méjì ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ.

Ìwé àṣẹ Pro ti Power BI gbà kí dátà máa di ọ̀tun lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Ọmọ lò ó pé pérépéré. Ọrọọrún ni màmá ń kọ owó sínú ìwé.

Ohun tó ń dín iṣẹ́ kù gan-an ò ní bọ́tìnnì. Kéèyàn béèrè ohun tí oníṣòwò fẹ́ fi ìjábọ̀ ṣe. Kó gé òpó dátà tí kò wúlò kó tó wọlé. Kí títà wà nínú àtẹ kan, kí oníbàárà, ọjà àti ọjọ́ ní àtẹ tiwọn yí i ká. Kó ṣírò "iye tí a tà" lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ojú ewé máa bù níbẹ̀. Bí òfin iṣu jíjẹrà bá yí padà, ibì kan ló máa tún ṣe. Onímọ̀ dátà Ralph Kimball ti kọ ọ̀rọ̀ àtẹ wọ̀nyí sínú ìwé ní 1996, kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí tó mọ ABD.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, màmá wo àwòrán roboto mẹ́rin.

"Ọmọ mi, ó mà rẹwà o. Ta ló wá jẹ mí lówó?"

"Ojú ewé kejìlá ni, mà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ibí yìí, kẹ́ ẹ wá yan oṣù..."

Màmá ti fa ìwé yọ lábẹ́ àpótí, ó ti ń pe onígbèsè àkọ́kọ́ lórí fóònù.