79 sí Òdo

Ní oṣù Keje ọdún 2013, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Plateau United Feeders na Akurba ní 79 sí òdo. Lọ́jọ́ kan náà, Police Machine na Bubayaro ní 67 sí òdo, nítorí iye góòlù ni yóò pinnu ẹni tó máa gòkè sí líìgì. NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní màgòmágó ni.

Ẹ ní sùúrù ná. Ọmọ òṣómàáló ni wá n'Íbòkun, ìṣirò kì í rú wa lójú. Ìdajì kejì ni Feeders gbá 72 wọlé: góòlù kan kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Bóyá ẹ̀fọ́rí ń ṣe gólì Akurba.

Police Machine ló ṣe mí láàánú jù. Wọ́n gbá góòlù 67 wọlé, wọn ò ṣe ipò kìíní. NFF tún wá fìyà jẹ wọ́n.